Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Amúlétutù Rí Ààyè Mí

Láti Manigri dé Bassila títí dé Pénéssoulou, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin máa ń fi ojú wa rí. Òrùlé páànù á gbóná bí ààrò, àgbàlagbà kò ní lè sùn, ọmọ ọwọ́ á máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ ní Cotonou tàbí ní òkè òkun fi ń ra ẹ̀rọ amúlétutù, tí a ń pè ní clim, fún àwọn òbí wọn. Ẹ̀bùn ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ di gbèsè.

Ìyá àgbà kan tí a mọ̀ rí irú rẹ̀. Ní ọdún kìíní, yàrá rẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Ní ọdún kejì, atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Wọ́n pe ẹni tí ń tún un ṣe. Ó ní gáàsì ti tán, ó rọ òmíràn sí i, ó gbowó. Ọdún kẹta, ohun kan náà. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ni wọ́n sì ń yọ san án! Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣí iwájú ẹ̀rọ náà, eruku ọyẹ́ ti bo asẹ́ inú rẹ̀ bí aṣọ òfì. Ó fi omi fọ̀ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá sùn.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa. Ẹ̀rọ yìí kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru inú yàrá ni ó ń gbé jáde síta. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ọdún 1902 tí Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà, ti ṣètò irú rẹ̀ fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn. Ìbáà ṣe ẹ̀rọ ńlá kan tí ń tu gbogbo ilé lára, ìbáà ṣe ti ara ògiri, ọ̀kan náà ni. Gáàsì inú rẹ̀ kì í jó tán bí epo mọ́tò. Bí ó bá dínkù, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tí ń rọ gáàsì lọ́dọọdún láìwá ibi tí ó ti ń jò, agbọ̀n ni ó fi ń pọnmi.

Ohun tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nìyí:

Èkíní, ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èkejì, ẹ fọ asẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì lásìkò ọyẹ́, àti lẹ́ẹ̀kan lóṣù lásìkò òjò. Ẹ sá a sí ibòji kí ó gbẹ dáadáa; oòrùn lè mú un lọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má kó igi ìdáná tàbí àpò àgbàdo ti apá tí ó wà níta. Ẹ gbá ewé àti òwú aláǹtakùn kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń tu ooru sí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí omi tí ń kán láti ara rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹ̀fọn ń yé sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí iná bá lọ, ẹ pa á. Bí iná bá dé, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tan án.

Bí yìnyín bá ń bo páìpù rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ asẹ́, ẹ pa á, kí ẹ pe oníṣẹ́. Iṣẹ́ wáyà àti gáàsì kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé: “Níbo ni ó ti ń jò?”

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹ̀rọ, ẹ fi àjà sábẹ́ páànù, ẹ gbin igi sí apá ìwọ̀-oòrùn ilé. Kí gbogbo wa sì máa yà wo àwọn àgbà wa lásìkò ooru.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ fọ asẹ́ yín lónìí. Ó dìgbà kan ná.