Sẹ̀gilọlá jẹ̀bi, ẹgbẹ̀rún ọkọ ńkọ́?

Ó pẹ́ tí ìwé ìròyìn Yorùbá ti ń fi obìnrin pawó. Lọ́dún 1929, Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde, aṣẹ́wó tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Irọ́ o! Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra ẹ̀, ló ń kọ ọ́. Ọkùnrin gidi! Ó pè é ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ. Ó dáa, àwọn ẹgbẹ̀rún ọkọ yẹn dà? Ta ló ní kí àwọn náà wá ka tiwọn? Wọn ò tíì jáwọ́ ńbẹ̀ dòní: tí wọ́n bá ká èèyàn méjì mọ́ òtẹ́ẹ̀lì, fọ́tò obìnrin ló máa wà níwájú ìwé, ọkùnrin á wá di “ọ̀gá kan”.