Ikọ́ Fée Ọmọ àti Ìtàn tí Ìdílé Ń Bò Mọ́lẹ̀

Bí ikọ́ fée bá ki ọmọ mọ́lẹ̀ ní Santasi, àdúgbò kan ní Kùmásì, Gánà, lóru ọjọ́ tí ọyẹ́ mú, tí àyà rẹ̀ ń súfèé, tí ẹran agbedeméjì egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tí ó bá fa èémí, ohun tí àwọn àgbà ilé máa ń kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe oògùn bí kò ṣe ìdílé tí ọmọ ti gbé e wá. Ẹ̀bi náà kì í sì í pẹ́ dé orí ìyá, nígbà tí bàbá, tí òun alára fi ikọ́ kan náà ṣe ìgbà èwe, yóò dákẹ́ lọ gbári.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀jẹ̀, nítorí ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò yóò jọ kíjìpá. Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn pàápàá jẹ́rìí sí i: bí ikọ́ fée bá mú ọ̀kan nínú ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá, ó sábà máa ń mú èkejì ju bí ó ti ń rí láàrin ìbejì ẹlẹ́yin méjì lọ. Ní 2007 àwọn onímọ̀ rí i pé ìyàtọ̀ kan lẹ́bàá àbùdá tí ń jẹ́ ORMDL3 a máa bá ikọ́ fée ọmọdé rìn, lára àwọn ọmọ Bírítéènì àti Jámánì ni o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ gan-an ni ọmọ ń jogún, ara tí kò gba eruku, aáyán àti kòkòrò tíntìntín inú bẹ́ẹ̀dì ni.

Kùmásì, ìlú Osei Tutu, ibùjókòó àga wúrà, fi hàn wá gbangba pé ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Ní 1993 àti 2003, Dókítà Addo-Yobo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú náà àti ti ìgbèríko, ọmọ ọdún 9 sí 16, sáré, wọ́n sì wọn èémí wọn. Àwọn tí àyà wọn dí fò láti 3.1 sí 5.2 nínú 100. Láàrin ọmọ olówó ìgboro, láti 4.2 sí 8.3. Ẹ̀jẹ̀ kì í yí padà láàrin ọdún mẹ́wàá. Ìgbé ayé ni ó ń yí.

Èmi kò wá rí ìdí tí a ó fi máa tìtorí ikọ́ fée dá ìyá lẹ́bi tàbí da ìgbéyàwó rú. Iwájú dókítà ni ìtàn ìdílé ti wúlò: ta ni awọ ara ń yún ní kékeré, ta ni ń sín ní gbogbo ọyẹ́, ta ni kò lè sáré? Ìyá kò lè fẹnu bàbá dáhùn. Kí bàbá bá ọmọ lọ, kí ó sọ tirẹ̀, kí dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn fífà sí ẹ̀dọ̀fóró tí a ń lò lójoojúmọ́ ni ó tọ́ sí ọmọ náà, yàtọ̀ sí èyí tí a ń sáré wá kiri lóru.