Ẹ Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Ìyàwó Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́

Èdè Jámánì ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn lórí Zoom láti Ìbàdàn. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé obìnrin ló nífẹ̀ẹ́ èdè, pé ọkùnrin kì í ní sùúrù rẹ̀. N kò gbà. Ohun tó gbé kálukú wá sí kíláàsì ni ká wò.

Láti ọdún 2007 ni òfin Jámánì ti ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ níbẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà díẹ̀. Ìdánwò A1, ìyẹn ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá gba 60 nínú 100 ló yege. Nínú kíláàsì tèmi, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ìdánwò yìí ń dúró dè. Ọkọ ti lọ, ọmọ ń béèrè bàbá rẹ̀. Ṣé irú ìyá bẹ́ẹ̀ á fi der, die, das ṣeré? Iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ń wá ní tiwọn. Ẹni tó bá sì ń lé Chancenkarte, káàdì ìwáṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, lè fi Gẹ̀ẹ́sì ìpele B2 dípò Jámánì A1. Bí ọ̀nà àbùjá bá wà, ta ni kò ní gbà á? Síbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù Bundesliga ló gbé e wá. Kò sí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè tó o.

Agogo méje alẹ́ tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń rí ìyàtọ̀ gidi. Àwọn ọkùnrin á jókòó, wọ́n á tan kámẹ́rà. Àwọn obìnrin á pa tiwọn. Ẹ óò máa gbọ́ ìró ìkòkò, ọmọ ń ké, ìyá ọkọ ń pe "Ìyàwó!" "Tíṣà, ẹ má bínú, mò ń bọ̀." Kí wọ́n tó padà dé, a ti kọjá bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ, ọjọ́ orí, ìlú àti iṣẹ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n máa sọ nínú ìdánwò gan-an nìyẹn. Dátà ti jó lọ. Ẹni tó bá wo kámẹ́rà pípa yẹn, tó ní ẹ̀kọ́ ò wù wọ́n, kò ṣe dáadáa sí wọn rárá.

Mo ti ń gba ohùn kíláàsì sílẹ̀, mo ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí wọ́n lè gbọ́ ọ nígbà tí ilé bá dákẹ́. Kò tó. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin àbúrò ọkọ tó wà nílé, ẹ bá ìyàwó yín gba ọmọ, ẹ bá a ro àmàlà, wákàtí kan péré. Ẹ̀yin ọkọ tẹ́ ẹ wà ní Berlin àti Hamburg, ẹ má pe ìyàwó yín lágogo méje. Ìyá yín ni kẹ́ ẹ pè lágogo mẹ́fà, kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá a gbé ọmọ.