"Kò wó rí" kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní í wó

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe ẹnjinía. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ bàráàjì abúlé wa ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ wà, ọ̀rọ̀ kan sì wà lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì mọ́.

Ẹ mọ irú bàráàjì tí mò ń wí. Amọ̀ ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi sé odò kékeré kan, kí màlúù lè rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ṣe é ti lọ. Àwọn darandaran ti gba ibòmíràn. Lónìí, ó ti di ibi ìgbafẹ́. Ibẹ̀ la ti ń pẹja, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ la sì ń kó ìkòkò àti ẹ̀rọ orin lọ ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Èmi náà ti jẹun níbẹ̀, mo ti jó níbẹ̀. N kò bá ìgbádùn jà.

Ohun tí mò ń bá jà ni èyí: àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí omi òjò ọdún yìí pọ̀ tó títí di ọdún Àjíǹde. Wọ́n wá fi àpò iyanrìn dí ìdajì ojú ọ̀nà tí àkúnya omi ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàráàjì. Wọ́n na àwọ̀n sí ìdajì yòókù kí ẹja má baà bá omi lọ. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ ní ìpàdé pé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò, èsì mẹ́ta ni mo gbà. Àkọ́kọ́: "Mẹ́tìrì, bàráàjì yìí ti wà tipẹ́, kò wó rí." Èkejì: "Kékeré ni." Ẹ̀kẹta: "Igi tó hù lára rẹ̀ ló ń dì í mú." Àwọn àgbà wà níjokòó, wọ́n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn níkọ̀ọ̀kan.

"Kò wó rí." Ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, lókè ìlú Toccoa, bàráàjì kan wà tó ń jẹ́ Kelly Barnes. Ní 1899 ni wọ́n kọ́kọ́ fi igi àti òkúta sé odò náà. Ní 1937, ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kan tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ da amọ̀ lé e, kí omi rẹ̀ lè máa fún wọn ní iná mànàmáná. Ní 1957, wọ́n jáwọ́ nínú iná yẹn, adágún náà sì di ibi ìgbafẹ́ lásán. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ parí, ṣùgbọ́n omi kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Igi hù sí i lára. Ní 1973, apá kan ara rẹ̀ ya lulẹ̀ níhà ìsàlẹ̀. Bàráàjì dúró, ayé ń lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní aago kan ààbọ̀ òru ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá 1977, ó já. Omi náà já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó mítà 57, ó ya wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sùn. Ènìyàn 39 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Ogójì ọdún gbáko ni wọ́n fi lè sọ nípa amọ̀ yẹn pé "kò wó rí". Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, títí di aago kan ààbọ̀ òru.

"Kékeré ni." Kelly Barnes náà kì í ṣe ńlá: níbi tó ga jù, kò ju bíi mítà 12 lọ. Tiwa kò tó ìdajì rẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ CM2. Omi tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó jin ní mítà kan, tọ́ọ̀nù kan ni. Adágún tó gùn ní mítà 200, tó fẹ̀ ní mítà 100, tí omi rẹ̀ kò sì jin ju mítà kan lọ, tọ́ọ̀nù 20,000 ló gbé dúró. Ta ló fẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ já lu ògiri kíláàsì ọmọ rẹ̀?

"Igi ló ń dì í mú." Lórí òkè lásán, bẹ́ẹ̀ ni. Lára bàráàjì amọ̀, rárá. Gbòǹgbò igi ń wọnú amọ̀ lọ. Bí igi bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, á fi ihò sílẹ̀, omi á sì rí ọ̀nà. Omi tó bá ti rí ọ̀nà nínú amọ̀ á máa kó amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ihò á sì máa fẹ̀. Àwọn ẹnjinía Faransé ń pè é ní "renard", ìyẹn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, nítorí pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń gbẹ́ ihò rẹ̀. Omi díẹ̀ tó mọ́ gaara lè máa sun nísàlẹ̀ bàráàjì fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti pọ́n, ara bàráàjì fúnra rẹ̀ ló ń bá omi lọ yẹn. Mo lọ wo tiwa ní ọjọ́rú tó kọjá. Omi tó ń sun lábẹ́ igi ńlá ọwọ́ òsì pọ́n.

Ó wá ku àwọ̀n ẹja. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀yin àbúrò mi. Ní Pennsylvania, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan, tí Andrew Carnegie wà nínú wọn, ra bàráàjì amọ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ South Fork fún ẹja pípa àti ìgbafẹ́. Tìyó irin tó ń tú omi sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ ti kúrò, wọn kò fi òmíràn sí i. Wọ́n gé orí rẹ̀ wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà á kọjá. Wọ́n fi irin dí ojú ọ̀nà àkúnya kí ẹja má baà sá lọ. Nígbà tí òjò ńlá dé, pàǹtírí há sára irin yẹn. Omi gba orí amọ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ omi tó bá ń gba orí amọ̀ ń gé e lọ ni. Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 1889 ni. Ènìyàn 2,209 ló kú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìlú Johnstown, níbi tí wọn kò ti jẹ nínú ẹja náà. Bàráàjì yẹn tóbi ju tiwa lọ fíìfíì. Àṣìṣe rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ mérì ni. Mo ti lọ síbẹ̀. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn ló kọ́ ọ. Olóko tó wà létí rẹ̀ ní kì í ṣe tòun. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn kàn ń ṣe fàájì níbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí a bá ń pín ẹja, gbogbo wa la ni ín. Lọ́jọ́ tí amọ̀ bá ya, kò lólúwa.

Ohun tí mò ń béèrè kò ju mẹ́rin lọ. Kí wọ́n kó àpò iyanrìn àti àwọ̀n kúrò lónìí, kí wọ́n ro ojú ọ̀nà omi náà mọ́. Kí a gé igbó tó bo amọ̀, kí ojú lè rí ihò àti ibi tó ń ya, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má hú igi ńlá kí onímọ̀ tó dé. Kí a yan ẹni méjì tí yóò máa lọ wò ó lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, tí wọn yóò sì ní nọ́ńbà olórí ilé-ẹ̀kọ́ àti ti gbogbo ilé ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Kí ọba, olórí abúlé àti mérì fọwọ́ sí ìwé kan náà, kí ìjọba rán àwọn onímọ̀ nípa omi wá wò ó. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gba ju àdá, ọkọ́ àti fóònù lọ. Bí àwọn onímọ̀ bá sì ní kò ṣeé tún ṣe, kí wọ́n tú omi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ó wá ibòmíràn jó.

Lẹ́yìn Toccoa, ààrẹ Carter pàṣẹ kí wọ́n yẹ àwọn bàráàjì wò káàkiri Amẹ́ríkà. Georgia náà ṣòfin tirẹ̀ ní 1978. Òfin dára, ṣùgbọ́n òkú 39 ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ dákẹ́ ní ìpàdé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọmọ 43 ló wà ní kíláàsì mi. Tí òjò bá ń rọ̀ báyìí, wíndò ni mò ń wò, n kì í wo pátákó. Ẹ̀yin tí irú bàráàjì bẹ́ẹ̀ wà lábúlé yín, ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́la, kí ẹ wo àwọ̀ omi tó ń jáde. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa tí ẹsẹ̀ wa pé, kí la fẹ́ wí?