Ìwà Sàró Kọ́ Ni Iṣẹ́ Afọláyan

Lẹ́yìn tí Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan, jáde lórí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ló jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní aláìmoore ni Sàró, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé. Àwọn mìíràn ní Àrólákẹ́, olólùfẹ́ rẹ̀, ló fi ààfin sílẹ̀ tẹ̀lé àlejò. Wọ́n ní ohun tójú obìnrin náà rí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Kò sì ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ẹni tó ti ibẹ̀ fò sórí ìdájọ́: níwọ̀n bí Sàró ti burú, fíìmù náà kò dára. Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ṣàkóbá fún eré àti ìwé Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ìgbádùn kò ní ẹjọ́ nínú. Ohun tó wù mí tí kò wù ọ́ ni kì í jẹ́ ká pawó pọ̀ fẹ́yàwó. Ẹni tó sùn lọ nídìí fíìmù kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Àmọ́ bó bá ti lanu sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wò ó tàbí kó má wò ó, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Owó dátà ọlọ́rẹ̀ẹ́ ló fẹ́ ná yẹn, àti wákàtí méjì ó lé. Ó yẹ kó lè tọ́ka sí ibi tí eré ti dùn àti ibi tó ti kùnà, láì sọ bí ìtàn ṣe parí.

Ẹ wo Sàró dáadáa. Ahunṣọ òfì ni, ọwọ́ òfo ló gbé wọ Ọ̀yọ́. Obìnrin olówó kan tó ń mọ ìkòkò ló gbà á sọ́dọ̀. Àrólákẹ́, olorì láàfin, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀. Nígbà tí agbára àtijí òkú wá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó gbàgbé ẹni tó ràn án lọ́wọ́, ó ń bu iye tó wù ú fún àwọn olóòkú, títí tó fi ní ọmọ ọba lòun máa fẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ẹni tí à ń bú. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọlúàbí ni Sàró látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìtàn wo ni ì bá kù? Ìwà burúkú rẹ̀ ni òpó tó gbé e dúró.

Ibòmíràn ni àléébù fíìmù náà wà: ìfẹ́ Sàró àti Àrólákẹ́ yá jù. Kí òǹwòran tó mọ ohun tí àwọn méjèèjì rí lára ara wọn ju ẹwà lọ, wọ́n ti ń gbìmọ̀ àtisá. Ìdí nìyẹn tí ìdalẹ̀ Sàró kò fi dunni tó bó ṣe yẹ. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ lè tún un wò, kó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá.

Bí ìwà burúkú ṣe gbé ìtàn Sàró dúró, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ń dọ́gbọ́n láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé, àwọn òǹkàwé sì ń ṣépè fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ni èpè yẹn. Ìṣọ̀lá jẹ́ kéèyàn súnmọ́ Àjàní débi pé à ń gbọ́ àwáwí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní 1997, ìwà Àjàní kò dí i lọ́wọ́. Ìró péńpé àti bùbá tí àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ wọ̀ tún gba ìgboro, wọ́n sì ń pè é ní olékú.

Àwọn kan lè sọ pé ìsinmi lèèyàn ń wá nídìí eré, kì í ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣeré ń fetí sí òǹwòran, torí owó wọn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwà rere ẹ̀dá-ìtàn nìkan là ń yìn, eré tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ mọ́ bí áńgẹ́lì, tí wàásù sì parí rẹ̀, ni wọn yóò máa gbé wá. Bí olùdarí bá gbọ́ pé Sàró ló bí wa nínú, kò sí ohun tó fẹ́ tún ṣe. Bó bá gbọ́ pé ìfẹ́ Sàró àti Àrólákẹ́ yá jù, ó mọ ibi tí yóò fọwọ́ bà nínú eré tó kàn.