Ẹni Tí Wọ́n Ní Kò Mọ Àwòrán Yà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ya ìtàn aláwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ọmọ kan á jókòó sílé, á ya ìtàn rẹ̀ ní àpótí-àpótí, á kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀, á sì gbé e síta kí gbogbo ayé kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí olótùú tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ilé ìtẹ̀wé tí yóò náwó lé e lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú ọmọ náà nígbà tí èébú bá dé. Láyé àtijọ́, ẹni tí àwòrán inú ìwé ìròyìn bá bí nínú yóò wá bébà, yóò wá gègé, yóò ra sítáǹpù. Kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé ọ́fíìsì, inú rẹ̀ á ti rọ̀. Ní báyìí, ìṣẹ́jú kan ti tó. "Ọwọ́ rẹ kò dára." "Ṣé adìẹ ló fi ẹsẹ̀ ha èyí ni?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju gègé nù.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè Japan. ONE ni orúkọ tó ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn One-Punch Man lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Apárí ni akọni inú ìtàn náà, Saitama ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló fi ń dá ọ̀tá dùbúlẹ̀, ohun tó sì ba inú rẹ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí ìjà kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ìtàn náà dùn. Àwòrán rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìlà ń gbọ̀n, ara ènìyàn kò gún, ilé tó yẹ kó dúró ṣánṣán dà bí èyí tó ti mu ẹmu yó. Ẹni tó ní ọwọ́ ọkùnrin náà kò dára kò purọ́ mọ́ ọn.

Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń kà á, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Yusuke Murata wà lára wọn. Ọ̀gá ayàwòrán ni Murata. Òun ló ya Eyeshield 21 láti ọdún 2002 títí di 2009, kò sì sí ẹni tó lè bú ọwọ́ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá ONE pé kó jẹ́ kí òun tún ìtàn náà yà. Lọ́dún 2012, iṣẹ́ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Shueisha, nígbà tó sì di ọdún 2015, ó ti di fíìmù àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo ohun tí Murata ṣe. Ó ya ìlú, ó ya ẹranko abàmì, ó ya òkúta tó ń fọ́ káàkiri bí ẹni ń kà wọ́n ní oókan. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ojú Saitama, lọ́pọ̀ ìgbà, ó fi í sílẹ̀ bí ONE ṣe yà á: ẹyin adìẹ, ojú méjì, ìlà ẹnu kan. Kí ló dé? Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Abàmì ń bú ramúramù, ayé fẹ́ parẹ́, ojú ẹni tó wá gba ayé là sì dà bí ojú ẹni tó ń rántí pé òun kò ní bá ọjà ẹ̀dínwó mọ́. Bí a bá fi iṣan àti òjìji kún ojú yẹn, ẹ̀rín ti kú. Ohun tí àwọn kan ń pè ní àléébù, ìtàn náà kò lè ṣe láìsí i. ONE tún mọ ibi tó yẹ kó dá ọ̀rọ̀ dúró, ó mọ ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kí òǹkàwé dúró dè é. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn náà, ojú lásán ni kì í tètè rí i.

Randall Munroe ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ físíìsì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní NASA, tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí róbótó àti ìlà tínínrín ló fi ń ṣe ènìyàn nínú xkcd tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Kò sí ojú, kò sí imú. Lọ́dún 2014 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo fún "Time", ìtàn kan tó ní àwòrán tó lé ní 3,000.

Ti Tim Buckley yàtọ̀. Láti ọdún 2002 ni ará Amẹ́ríkà yìí ti ń ya Ctrl+Alt+Del, ẹ̀fẹ̀ nípa àwọn tó fẹ́ràn géèmù orí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ti ń rojọ́ tẹ́lẹ̀ pé ojú kan náà ló ń yà fún gbogbo ènìyàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2008, ó gbé àpótí mẹ́rin jáde láìsí ọ̀rọ̀ kankan nínú wọn: ọkùnrin kan sáré wọ ilé ìwòsàn, ó bá olólùfẹ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, oyún ti bàjẹ́. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi àwòrán náà ṣe kò tíì tán títí dòní. Lójú tèmi, kì í ṣe ọwọ́ ló kọsẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀rín ló pe àwọn ènìyàn sí, ó sì ṣàdédé gbé ọ̀fọ̀ síwájú wọn láìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òǹkàwé máa ń bú àwòrán nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń dùn ún.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó pa ogójì ojú ewé rẹ́ lóru ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ ẹnìkan tí kò mọ̀ rí. Ó dùn mí. N kò ní kó má gbọ́ àríwísí o. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó ní, "N kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí kẹta," owó ló fún ọ yẹn, tètè gbà á. Ẹni tó ní, "Kò dára tó ti àwọn ará Japan," ohun tí òun fẹ́ràn ló sọ, kò tíì sọ ohun kan nípa iṣẹ́ rẹ. Èyí tó bá sì jẹ́ òtítọ́, ojú ewé tó ń bọ̀ ni kí o fi dá a lóhùn. Má padà lọ máa tún ti àná yà, ìtàn kò ní tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀.

ONE kò fi gègé sílẹ̀ fún Murata. Ó ń bá One-Punch Man tirẹ̀ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ Mob Psycho 100 lọ́dún 2012, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yà á. Ìtàn yìí gba àmì-ẹ̀yẹ ilé iṣẹ́ Shogakukan lọ́dún 2017. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Bones sì fẹ́ fi ṣe fíìmù lọ́dún 2016, wọn kò wá ẹni tí yóò tún un yà kó dán. Àwọn ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ dunjú ló jókòó, tí wọ́n ń ya ìlà tó ń gbọ̀n, kó lè jọ ti ọwọ́ ONE.