Ẹwà Orí Fóònù, Ewu Inú Ara

Ní Ìdáàṣà, ìlú òkè mọ́kànlélógójì, ọjà kò mọ sórí àtẹ nìkan mọ́. Inú fóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń yan ìpara tí wọn yóò rà. Lórí TikTok àti Facebook, gbajúmọ̀ kan yóò gbé ike ìpara sókè, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní ohun tí ó sọ òun di pupa láàárín ọjọ́ méje nìyí. Kò ní sọ pé fóònù lè tan ojú, kí ó sì pa àpá rẹ́. Kò ní sọ bóyá oníṣòwò ni ó sanwó ẹ̀rín náà.

Ìpolówó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ike ni ọ̀ràn. Àwọn ìpara kan tí a fi ń bóra ní mẹ́kúrì nínú, èyí tí ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ní hydroquinone: bí a bá lò ó pẹ́, ojú tí a fẹ́ kí ó pupa lè dúdú bí aró, àpá náà kì í sì í fẹ́ lọ. Òmíràn ní oògùn clobétasol, tí ń mú kí awọ ara fẹ́lẹ́, tí kì í sì í jẹ́ kí egbò tètè jinná. Ìdí nìyí tí Gánà fi fòfin de hydroquinone nínú ìpara ní 2016. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àdéhùn Minamata pinnu pé kí ìpara tí ó ní mẹ́kúrì kúrò lọ́jà nígbà tí ó bá di 2025.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó, nítorí fóònù kò mọ ẹnubodè. Ibí ni ìwé kíkà ti wúlò. Ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà lè jókòó ti ọmọ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì ka ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn ike. Bí wọ́n bá rí mercure, calomel, hydroquinone tàbí clobétasol, kí wọ́n má rà á. Bí a kò bá kọ ohun tí a fi ṣe é síbẹ̀, kí wọ́n má rà á rárá. Ẹni tí ó ti ń lò ó, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbáwí nìkan kò lè yí ọmọ lọ́kàn padà bí ìyá fúnra rẹ̀ bá ń bóra. Yorùbá kò ṣèèṣì máa ki ẹni dúdú ní adúmáadán. Kí ọmọ gbọ́ oríkì yìí nílé kí ó tó gbọ́ ti fóònù.